Ìbọn Stevens Favorite Tó Ti Gbó: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò, Bí A Ṣe Ń Tú U, Bí A Ṣe Ń Nù Ún

Ìbọn ọmọdé ni Stevens Favorite. Ilé iṣẹ́ J. Stevens ní Chicopee Falls, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ló ń rọ ọ́ láti nǹkan bí ọdún 1894 títí di àárín àwọn ọdún 1930. Owó rẹ̀ kò pọ̀ débi tí àgbẹ̀ kan kò ní lè ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ máa lé ọ̀kẹ́rẹ́ lóko. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù lónìí, gbígbó ni wọ́n gbó: ọmọdé ló lò ó, òjò pa á, wọ́n fi ọ̀bẹ ìdáná yí síkúrù rẹ̀, wọ́n wá gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn àká láì nu inú rẹ̀.

Ohun tó ń tan àwọn tó ń ra irú ìbọn yìí jẹ ni pé ìpẹtà ni ojú wọn ń rí. Ìpẹtà kọ́ ló sábà ń ba Favorite jẹ́. Àlàfo tín-ín-rín tó ń wáyé níbi tí irin ti ń yí lórí píìnì ló ń bà á jẹ́, àlàfo tí kò nípọn ju ewé ìwé kan lọ. Ìbọn tó dà bí ohun tí wọ́n wú nílẹ̀ lè ṣì le dáadáa, kí èyí tó ń dán sì máa mì bí eyín arúgbó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Ọ̀pá ni irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Ilé ọta ni ihò ẹ̀yìn ọ̀pá níbi tí ọta ń jókòó sí. Férémù ni ara irin tó di gbogbo rẹ̀ mú. Lífà ni ọwọ́ irin abẹ́ rẹ̀ tí à ń fà sílẹ̀ láti ṣí i. Ìdérí ni irin tó ń gbéra láti dí ẹ̀yìn ilé ọta. Ìsopọ̀ ni irin kékeré tó so lífà mọ́ ìdérí. Òòlù ló ń gbá abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ló ń gbá ọta. Ìfà ni èyí tí ìka ń fà.

Ọta tí ìbọn yìí ń jẹ, etí rẹ̀ ni à ń gbá. Ohun tí ń gbiná kò sí láàárín ìdí ọta. Inú etí idẹ tó yí ìdí rẹ̀ ká ló wà. Abẹ́rẹ́ ń tẹ etí náà mọ́ ẹnu ilé ọta, ó sì gbiná. Nítorí náà idẹ etí yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró. Bí ìdérí kò bá tì í gírígírí lẹ́yìn, etí á bẹ́, ooru àti ẹ̀rún idẹ á sì ya sójú ẹni tó gbé ìbọn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kí ọwọ́ tó kan síkúrù

Kó gbogbo ọta jáde kúrò nínú yàrá tí o ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Gbé ìbọn sórí tábìlì, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Fa lífà sílẹ̀ pátápátá, kí o sì tan iná sínú ilé ọta. Má dúró níbẹ̀. Mú ọ̀pá igi yíyi tó tó mílímítà 5, ti ẹnu ìbọn tì í wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ lẹ́yìn. Bí ó bá dúró lójú ọ̀nà, òjé ọta kan há síbẹ̀ nìyẹn, bóyá láti ọdún pípẹ́. Sàmì sára igi náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, fà á jáde, kí o tò ó lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá níta. Wàá mọ ibi tí òjé náà wà gan-an. Bí ó bá jẹ́ àárín ọ̀pá ni, ó ṣeé tì jáde. Bí ó bá jẹ́ inú ilé ọta, ó lè jẹ́ odindi ọta tí kò tíì dún tí ìpẹtà ti lẹ̀ mọ́bẹ̀. Má ṣe gbá a. Gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ, sọ fún un kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Má sì ṣe gbìyànjú láé láti fi ọta mìíràn yin èyí tó há jáde, torí ọ̀pá á wú tàbí kó ya.

Ka ohun tó wà lára ọ̀pá. Bí wọ́n bá tẹ J. STEVENS A. & T. CO. síbẹ̀, ọ̀pá náà ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1916. Bí ó bá jẹ́ J. STEVENS ARMS COMPANY, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni. Ọ̀pá àti férémù lè má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà o, nítorí pé Favorite ṣeé yọ lọ́pàá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti yọ ti ọ̀kan fi sí òmíràn. Wo ìwọ̀n ọta pẹ̀lú: wọ́n ṣe é fún 22, 25 àti 32, ìyẹn bí ọta ṣe nípọn tó ní ìdá ọgọ́rùn-ún ínǹṣì, gbogbo wọn ní irú ọta tí à ń gbá létí. Ọta .25 Stevens ti kúrò ní ilé iṣẹ́ láti ọdún 1942. Ẹni tó bá ra onítọ̀hún, ohun ìfihàn ló rà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1968 ló kọ́kọ́ fi dandan lé e pé kí gbogbo ìbọn tuntun ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí o kò bá rí nọ́ńbà lára èyí tó ti pẹ́, kì í ṣe àmì pé wọ́n jí i. Àmọ́ bí o bá rí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ nọ́ńbà kúrò, má rà á, má gbé e. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni níbẹ̀.

Ibi tó ti jẹ

Ṣe àyẹ̀wò yìí kí o tó tú u, nítorí tí o bá ti tú u, tí o nù ún, tí o fi òróró sí i, òróró á bo àlàfo mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Di férémù mú lọ́wọ́ kan, kí o di ọ̀pá mú lọ́wọ́ kejì, yí wọn síra wọn bí ẹni fún aṣọ. Kò gbọdọ̀ mì. Bí ó bá mì, fún síkúrù ńlá abẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú lífà le sí i. Èyí ni síkúrù tí ọ̀pá ń gbà kúrò. Ìka ni wọ́n ṣe é láti fi yí. Bí ó bá ṣì ń mì lẹ́yìn tó le, ihò tí ìdí ọ̀pá ń wọ̀ ti fẹ̀ tàbí ojú tí síkúrù náà ń tẹ̀ ti jẹ. Ọ̀pọ̀ á sọ pé kí o fi irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Má ṣe é. Ó ń yẹ̀ nígbà tí ìbọn bá gbóná, ọ̀pá sì ń sún síwájú kúrò lára ìdérí.

Ti lífà padà, kí o fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí láti òkè, lẹ́yìn náà láti iwájú sẹ́yìn. Ìdérí kò gbọdọ̀ sún. Ní Favorite, ibi mẹ́rin ni ìjẹ máa ń pé jọ sí: síkúrù tí ìdérí ń yí lé, síkúrù tí lífà ń yí lé, àti píìnì méjèèjì tó di ìsopọ̀ mú. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ ìwọ̀n díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kóra jọ sórí ìdérí. Fún ìdí yìí, rírọ́pò píìnì kan ṣoṣo kì í sábà wo àrùn náà sàn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fẹ ihò dáadáa, wọ́n á fi píìnì tó nípọn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, wọ́n á sì ṣe ìsopọ̀ tuntun. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn nìyẹn.

Bí o bá fẹ́ mọ bí àlàfo náà ti tó, ohun tó tọ́ ni ìwọ̀n irin méjì tí wọ́n ń tà fún ọta 22: èyí tó nípọn 0.043 ínǹṣì, ìyẹn mílímítà 1.09, tí ìdérí gbọ́dọ̀ tì lé. Àti èyí tó nípọn 0.046, ìyẹn mílímítà 1.17, tí kò gbọdọ̀ tì lé. Bí o kò bá ní wọn, mú èèpo ọta 22 tí wọ́n ti yìn, kí o wọn etí rẹ̀ pẹ̀lú kálípà, kí o lẹ téèpù aláwọ̀-omi sí ìdí rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele téèpù kan sábà ń nípọn tó mílímítà 0.05, wọn tìrẹ kó dá ọ lójú. Máa lẹ ìpele kún un, máa ti ìdérí jẹ́jẹ́ láì fi agbára. Níbi tó bá ti kọ̀ láti tì, ro ìnípọn etí àti téèpù pọ̀. Bí àròpọ̀ bá ju 1.17 lọ kó tó kọ̀, kí ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kí ọta kankan tó wọ̀ ọ́. Téèpù yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n irin, ṣùgbọ́n ó ń fi èyí tó burú hàn kíákíá.

Èèpo ọta tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀ nínú ìbọn náà, bí ẹni tó tà á bá ní i, jẹ́rìí ju ẹnu rẹ̀ lọ. Wo etí rẹ̀. Àpá abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí etí, kó jinlẹ̀, kó má lu. Bí etí bá wú sẹ́yìn, àlàfo ti pọ̀ nìyẹn. Bí àpá náà bá fẹ́lẹ́ tàbí tó wà ní inú sí àárín, abẹ́rẹ́ ti kúrú tàbí ìdérí kò gòkè tán.

Ó kan òòlù. Fà á dé ìdájì, níbi tí ó ti ń dúró fún ààbò, kí o fa ìfà gidigidi. Òòlù kò gbọdọ̀ já. Fà á dé òpin, kí o fi àtàǹpàkò tì í síwájú láì fọwọ́ kan ìfà. Kò gbọdọ̀ já níbí náà. Di òòlù mú nígbà gbogbo tí o bá ń ṣe èyí, má jẹ́ kó gbá abẹ́rẹ́ lórí òfo. Bí a bá ń yin ìbọn yìí láìsí ọta, abẹ́rẹ́ ń gbá ẹnu ilé ọta fúnra rẹ̀, irin náà ń tẹ̀ wọlé, ọta tuntun á wá máa kọ̀ láti wọ̀ tàbí láti jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, Favorite tí wọ́n sọ pé ìyọ-èèpo rẹ̀ ti kú kò ní àrùn mìíràn ju èyí lọ. Tan iná sẹ́nu ilé ọta ní ibi tí abẹ́rẹ́ ń kàn, wàá rí igun kékeré tó tẹ̀. Irin olórí róbótó kan wà tí oníṣẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ padà síta. Fífi fáìlì fá a kò tọ́, torí ó ń gbé irin tó yẹ kó di etí ọta mú lọ. Fún àyẹ̀wò, lo ike aláwọ̀ òféèfèé nọ́ńbà 4 sí 6 tí wọ́n ń kì bọ ògiri kí wọ́n tó ti síkúrù. Ó wọ ilé ọta 22 wẹ́kú, etí rẹ̀ sì ń gba abẹ́rẹ́.

Títú u

Ya fọ́tò ní gbogbo ìgbésẹ̀. Fa lífà sílẹ̀ kí ìdérí lè kúrò lọ́nà, tú síkúrù ńlá abẹ́ rẹ̀, kí o fa ọ̀pá síwájú tààrà. Má yí i, má fi òòlù gbá a. Bí ó bá kọ̀, ìpẹtà ló dì í. Da òróró àwọ̀wọlé sí oríkèé náà, kí o fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Síkúrù yòókù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ìbọn yìí jẹ́. Ojú ihò wọn tóóró, ògiri ihò náà sì dúró ṣánṣán. Síkúrùdíráífà ilé tí ẹnu rẹ̀ dà bí èèkàn á gun òkè, á sì fa ojú síkúrù ya. Wá èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú dọ́gba, tó kún ihò náà ní gígùn àti ní ìnípọn. Bí kò bá kún un, lọ̀ ọ́ títí yóò fi kún. Àpòpọ̀ òróró jíà ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì àti acetone (omi tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà èékánná), ìdájì sí ìdájì, dára gan-an láti tú èyí tó dì. Ó máa ń pínyà, nítorí náà gbọ̀n ọ́n kí o tó kán an sí i. Kán an láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì. Acetone ń gbiná kíákíá, ó sì ń bó àwọ̀ igi, nítorí náà yọ igi kúrò ná. Bí síkúrù bá ṣì kọ̀, gbé ẹnu irin ìjó-òjé tó gbóná lé orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, jẹ́ kó tutù, kí o tún gbìyànjú. Kọ́kọ́ yí i bí ẹni fẹ́ fún un le díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o tú u.

Bí ìdérí àti lífà bá ń ṣiṣẹ́, tí kò sì sí ohun tó fọ́, àwa kì í tú inú férémù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín, jẹ́ kó ro, kí o fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọn. Òróró ògbólógbòó tó ti dì bí oyin nínú ibẹ̀ máa ń mú kí òòlù rọra já, kí ènìyàn máa bú sípíríǹgì tí kò ṣẹ̀.

Inú ọ̀pá

Ọta ayé àtijọ́ ní èròjà kan tó ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá lẹ́yìn tó bá dún. Iyọ̀ yẹn ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1926 sí 1927 ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọta 22 tí kò ní in jáde, nítorí náà Favorite tó pọ̀ ló ti jẹ iyọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òróró kì í tú iyọ̀. Omi ló ń tú u. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá tí wọ́n kùn lóróró láràárọ̀ fi ṣì dípẹtà.

Nítorí pé ọ̀pá ti kúrò lára férémù, ẹ̀yìn ni kí o ti máa tì í wọlé. Ẹni tó bá ń ti ẹnu ìbọn nu ún, irin ìnù-ìbọn ń fá ẹnu náà jẹ, ọta kì í sì lọ tààrà mọ́. Ṣe é báyìí:

1. Ti aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná kọjá ní ìgbà mẹ́ta, lẹ́yìn náà aṣọ gbígbẹ títí kò fi ní omi mọ́.
2. Rẹ inú ọ̀pá pẹ̀lú omi ìfọ-ìbọn, kí o fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15.
3. Fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ ìwọ̀n 22 lọ kí o sì bọ̀ ní ìgbà 10 sí 15. Jẹ́ kó yọ síta tán kí o tó fà á padà. Bí o bá yí i padà láàárín ọ̀nà, irun rẹ̀ á tẹ̀.
4. Aṣọ gbígbẹ, kí o wò ó. Tún un ṣe títí aṣọ yóò fi mọ́.

Bí ẹ̀rún òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ń jáde, yí okùn bàbà gidi tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó, kí o fi ṣe ìgbésẹ̀ kẹta. Fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò kí o tó rà á: èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà, irin tí wọ́n kùn ní bàbà ni, yóò fá inú ọ̀pá. Fọ ọwọ́ rẹ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ yìí kí o tó jẹun, májèlé ni òjé.

Wá gbé ọ̀pá sójú fèrèsé, kí o wo inú rẹ̀. Kòtò kéékèèké dúdú kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá oníkòtò ṣì ń kó ọta jọ sójú kan ní mítà 25, ṣùgbọ́n ó ń kó òjé kíákíá, wàá sì máa nù ún léraléra. Òrùka òjìji kan tó yí inú ọ̀pá ká ni kí o bẹ̀rù. Ọ̀pá ti wú níbẹ̀. Fi ìka fà á lójú níta, ìka sábà ń mọ̀ ọ́n. Nínú ilé ọta náà, òrùka mìíràn lè wà nítorí ọta 22 tí à ń pè ní Short, tó kúrú ju ọta 22 tí à ń pè ní Long Rifle lọ, iná rẹ̀ sì ti jẹ irin níwájú ibi tí èèpo rẹ̀ dé. Èèpo Long Rifle máa ń wú bọ́ sínú òrùka yẹn, kó sì kọ̀ láti jáde.

Irin lóde àti igi

Má fi sáńpépà kan án, má sì kùn ún láwọ̀ tuntun. Àwọ̀ aláràbarà tó wà lára férémù Favorite àtijọ́, iná àti èédú ni wọ́n fi mú un jáde. Bí o bá fá a lọ, kò padà mọ́, owó ìbọn náà á sì já. Òróró ẹ̀rọ àti irun irin nọ́ńbà 0000 ti tó. Ìpẹtà pupa á lọ, èyí tó ti di àwọ̀ kọfí á dúró. Níbi tó bá dì bí èèpá, fi etí owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan Amẹ́ríkà tó ṣáájú ọdún 1982 fá a pẹ̀lú òróró. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó rọ̀ ju irin lọ, kò sì ní fi ilà sílẹ̀.

Igi Favorite sábà máa ń sán ní ọrùn, lẹ́yìn férémù. Bí o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí òróró yọ, gọ̀ọ̀mù kò ní mú un. Po ẹfun lúbúlúbú pẹ̀lú acetone, lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, jẹ́ kó gbẹ, gbọ̀n ọ́n dànù, kí o tún un ṣe títí ẹfun kò fi ní pọ́n mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, la ibi tó sán díẹ̀, ti gọ̀ọ̀mù igi wọlé, fi rọ́bà yí i gírígírí fún wákàtí 24. Ara igi tó kù, aṣọ tí a rẹ sí tápẹ́ńtáìnì díẹ̀ láti nu ìdọ̀tí, àti ìwọ̀nba òróró linseed tí a fi àtẹ́lẹwọ́ rà. Aṣọ tó ní òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí o bá ká a jọ. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

Ọta tó yẹ ẹ́

Àyàfi bí ìdérí bá le, tí ìwọ̀n rẹ̀ tọ̀nà, tí òòlù kò já, tí oníṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìbọn yíyìn. Bí ó bá yege, ọta Long Rifle onísáré wọ́ọ́rọ́wọ́, tó ń lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,070 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló yẹ ẹ́, tàbí Short. Ọta onísáré gíga dé ní nǹkan bí ọdún 1930, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ Favorite ti kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìjẹ tó gba ọgbọ̀n ọdún kó tó hàn pẹ̀lú ọta tútù, ọta líle lè mú un dé láàárín páálí díẹ̀. Wọ ìgò ojú. Fi ọta márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀, kí o wo etí èèpo kọ̀ọ̀kan kí o tó fi òmíràn sí i. Bí ọ̀kan bá wú tàbí tó dúdú lẹ́yìn, dáwọ́ dúró.

Má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ tàbí ti aṣọ, nítorí àpò ń mu ọ̀rinrin, ó sì ń fi pa mọ́ ara irin. Àpótí onítìì tó gbẹ ló dára jù, kí ọta wà ní ibòmíràn tí a tì pa. Kùn ún lóróró fẹ́lẹ́, kí o yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, gbé e dúró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ lórí aṣọ nínú àpótí náà, kí òróró tó kù nínú férémù lè ṣàn síwájú, kó má bàa wọ ọrùn igi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀.